Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ọkọ̀ tó ń jí láàárọ̀, tó ń kọ̀ lọ́sàn-án

Ọ̀pọ̀ takisí Micra tó ń ná Challenge sí Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn kì í ṣe ọmọdé mọ́. Láàárọ̀, wọ́n á jí wẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n á kọ̀ jálẹ̀. Kí ẹ tó ra bátìrì tuntun, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tẹ́tí.

🔧 Tó bá ń dún "ká-ká-ká", tí iná dáṣíbọọ̀dù sì ń wálẹ̀: iná ò tó. Ẹ wo orí bátìrì. Ìyẹ̀fun funfun tó hù síbẹ̀ ń dí iná lọ́nà. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ de orí bátìrì náà le. Ẹ má gbàgbé wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so mọ́ bọ́dì.

🔧 Tó bá dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan péré, tí iná sì mọ́lẹ̀ rekete: ẹ fura sí kíkì sítátà.

🔧 Tí ọkọ̀ ọtọmátíìkì ò bá dún rárá: ẹ gbé jíà sí N. Tó bá jí níbẹ̀, ẹ yẹ súwíìṣì jíà wò.

🔧 Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí àmọ́ tí kò gbaná: ẹ yẹ epo àti púlọ́ọ̀gì wò. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó gbóná nìkan ló ń kọ̀, sẹ́ńsọ̀ kiránkì lè lọ́wọ́ sí i.

Bátìrì tó kún, tó ti sinmi, máa ń fi bíi 12.6 fólítì hàn lórí mítà. Tó bá já wálẹ̀ kọjá 9.6 nígbà tí ẹ ń sítáàtì, ó ti ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ẹ má dúró dìgbà tó bá jí kí ẹ tó wá rìwáyà, oníná ọkọ̀, lọ. Ìgbà tó bá kọ̀ gan-an ni kó gbé mítà lé e.