Ẹ má fi mọ́tò tí gbèsè wà lórí ẹ̀ ṣe sàráà o!

Ohun tó yẹ káwọn èèyàn wa l'Amẹ́ríkà mọ̀ kí wọ́n tó fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹgbẹ́ aláàánú lọ́wọ́

Ẹni tó bá ti gbé Amẹ́ríkà pẹ́ díẹ̀ á ti gbọ́ ìpolówó náà lórí rédíò àti tẹlifíṣàn láìmọye ìgbà. Wọ́n á ní kéèyàn gbé mọ́tò ẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ fáwọn ẹgbẹ́ aláàánú, pé àwọn á wá wọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, onítọ̀hún á sì rí nǹkan yọ nínú owó orí ẹ̀ lọ́dún náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún máa ń dùn létí. Mọ́tò tó ti ń da èèyàn láàmú, tí mẹkáníìkì ti jẹ owó lórí ẹ̀ títí, wọ́n á bá a gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ìjọba á fojúure wò ó, Ọlọ́run náà á sì san án lẹ́san. Ta ni ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi ara wọn kí wọ́n tó gbé fóònù: ṣé tèmi ni mọ́tò yìí lóòótọ́?

Ẹ má bínú sí ìbéèrè yẹn o. Báǹkì ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn ra mọ́tò tí wọ́n ń gùn. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wà á, ẹ̀yin lẹ̀ ń san ínṣọ́ránsì, orúkọ yín ló wà nínú ìwé, àmọ́ ẹ ti fi mọ́tò náà dógò lọ́wọ́ báǹkì títí tẹ́ ẹ fi máa san kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ wo ìwé ẹ̀rí onímọ́tò tí wọ́n ń pè ní title, ẹ máa rí orúkọ báǹkì nínú ẹ̀ pé ó ní lien, ìyẹn ni pé ó lẹ́tọ̀ọ́ lórí mọ́tò náà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìwé ọ̀hún kò tiẹ̀ sí lọ́wọ́ onímọ́tò. Ọ̀dọ̀ báǹkì ló wà, tàbí kó jẹ́ inú kọ̀ǹpútà ìjọba ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí.

Gbèsè ń tẹ̀lé mọ́tò lọ

Ká ní ọmọ Yorùbá kan wà ní Houston, ó jẹ báǹkì ní 6,000 dọ́là lórí mọ́tò tí kò ju 4,000 dọ́là lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, ó fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹgbẹ́ aláàánú ìjọ wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n fi ṣiṣẹ́ Ọlọ́run. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, ó sì rò pé òun ti bọ́.

Kò tíì bọ́ o. Òfin òwò tí wọ́n ń pè ní UCC, tí gbogbo ìpínlẹ̀ 50 l'Amẹ́ríkà ń lò, sọ pé ẹ̀tọ́ báǹkì kò kúrò lórí ohun tí wọ́n fi dógò nítorí pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì láìjẹ́ pé báǹkì fọwọ́ sí i. Bí owó bá dúró, àwọn tó ń wọ́ mọ́tò onígbèsè lè wá wọ́ ọ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Báǹkì á tà á ní gbàǹjo, iye tí owó gbàǹjo náà bá fi dín sí gbèsè, ọrùn ẹni tó yáwó ló ṣì wà. Ẹgbẹ́ aláàánú pàdánù, ẹni tó ṣe sàráà wọ gbèsè, ìtìjú sì dé bá gbogbo wọn.

Ó tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni kéèyàn gbé ohun tó fi dógò pamọ́ tàbí kó gbé e fún ẹlòmíì pẹ̀lú èrò àtidí ẹni tó yá a lówó lọ́nà. Nítorí náà, kéèyàn má sọ pé sàráà lòun ṣe.

Àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, title ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Bí wọ́n bá rí orúkọ báǹkì níbẹ̀, wọ́n á ní kí onímọ́tò lọ yọ ọ́ ná. Àárín ara wa, níbi tí a ti mọ ojú ara wa tí kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé, ni ewu ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ sí jù.

Ọ̀nà àbáyọ

Ẹ pe báǹkì, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní lẹ́tà tó sọ iye tó kù gan-an àti ọjọ́ tí iye náà máa dá. Èlé ń gorí gbèsè lójoojúmọ́, ẹ má fọkàn sí iye tó wà nínú ìwé oṣù tó kọjá. Tẹ́ ẹ bá ti san án tán, ẹ gba ìwé ìtúsílẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n ti yọ orúkọ báǹkì kúrò nínú title.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ti san gbèsè tán tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ báǹkì ṣì wà níbẹ̀. Bí báǹkì kejì bá ti ra báǹkì ọ̀hún, ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á ni kẹ́ ẹ lọ. Nígbà tí Washington Mutual dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008, JPMorgan Chase ló gba iṣẹ́ ẹ̀. Bí báǹkì bá kógbá wọlé tí kò sẹ́ni tó gba gbèsè náà, FDIC, àjọ ìjọba tó ń dá ẹ̀mí owó aráàlú sí ní báǹkì, lè fún yín níwèé ìtúsílẹ̀.

Bí mọ́tò bá ju gbèsè lọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí báǹkì mọ̀, ẹ tà á, kí báǹkì mú tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi èyí tó ṣẹ́ kù ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ. Bí gbèsè bá ju mọ́tò lọ bíi ti ẹni Houston wa yẹn, ẹ fi sàráà sílẹ̀ ná, ẹ san gbèsè.

Owó orí ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìrò. Látọdún 2005, lẹ́yìn òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ rò pé mọ́tò yín tó lẹ máa kọ mọ́. Bí wọ́n bá tà á ní gbàǹjo ní 700 dọ́là, 700 náà ni, kódà kẹ́ ẹ rò pé ó tó 4,000. Ó yàtọ̀ bí ẹgbẹ́ náà bá ń lò ó gidi fún iṣẹ́ wọn, tàbí wọ́n tún un ṣe dáadáa, tàbí wọ́n gbé e fún aláìní.

Bí owó tẹ́ ẹ fẹ́ yọ bá ju 500 dọ́là lọ, ẹ gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù 1098-C lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ta mọ́tò náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n tà á. Ẹni tó ń to ìnáwó ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé owó orí nìkan ló lè jẹ àǹfààní yìí. Mọ́tò tẹ́ ẹ bá sì fún pásítọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ̀bùn lásán ni, IRS ò ní kà á sí ìtọrẹ àánú.

Ẹ má rò pé ẹ lè sá gba ojú omi

Àwọn míì á ní báwọn ò bá lè fi ṣe sàráà níbẹ̀, àwọn á kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Àpápá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà máa ń gba title ní wákàtí 72 kí mọ́tò tó kúrò, bí gbèsè bá sì wà lórí ẹ̀, wọ́n á béèrè lẹ́tà ìyọ̀ǹda báǹkì.

Nílé níbí náà, ẹni tó bá gba mọ́tò ní háyà-pọ́ọ̀sì, òfin ọdún 1965 ò tíì sọ ọ́ di onímọ́tò títí yóò fi sanwó tán. Látọdún 2016 ni báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà sì ti dá ìwé àkọsílẹ̀ ohun ìdógò sílẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbèsè wà lórí mọ́tò tí wọ́n fẹ́ gbé fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fúnni, ẹ wo title yín lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbà á, ẹ má tijú láti béèrè ẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ tẹni là á fi ṣe sàráà.