Òṣùwọ̀n Ìtànṣán Lẹ́nu Ààlà

Ní Ìgólò, ní ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ní Ifangni, níbi tí ọ̀nà ti gba ẹnu ibodè kọjá sí Ìdí-Ìrókò ní ilẹ̀ Nàìjíríà, kò sí ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ lọ́jà tí kò mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún kan kò tíì nítumọ̀ títí a ó fi sọ bóyá sẹ́fà ni tàbí náírà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìtànṣán alágbára rí, àfi pé iye tí à ń ṣẹ́ owó a máa yí padà láràárọ̀, ṣùgbọ́n ti òṣùwọ̀n ìtànṣán ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣinṣin, kì í yẹ̀.

Ìtànṣán tí mo ń wí ni èyí tó ń ti inú ẹ̀rọ X-ray ilé ìwòsàn jáde, tó ń ti inú òkúta àti ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ wá, tó sì ń ti ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀. Ojú kò rí i, imú kò gbóòórùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara ń gba agbára rẹ̀ sínú. Bí ara tó wọn kílò kan bá gba agbára joule kan, gray kan ló gbà yẹn, orúkọ tí àpérò àgbáyé lórí òṣùwọ̀n fi dá Louis Harold Gray, onímọ̀ físíìsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́lá ní 1975. Rad ni àwọn onímọ̀ ti ń lò láti 1953, ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì wà nínú gray kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ín-rín gray o: nǹkan bíi gray 4, tó bá kọlu gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lè pa ìdajì àwọn tó gbà á bí kò bá sí ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ agbára inú rẹ̀ kò tó èyí tí yóò fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún dígírì kún ìgbóná omi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Faransé yin àdó olóró átọ́míìkì àkọ́kọ́ wọn ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, 1960, tí wọ́n sì tún yin òmíràn lé e, inú bí Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ tó fi já okùn ọ̀rẹ́ òun àti Faransé ní oṣù Kìíní, 1961. Nítorí ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ fẹ́ wá kì í dúró gbàwé ìrìnnà lẹ́nu ibodè. Ní 1964 ni wọ́n sì dá iléeṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní Fásitì Ìbàdàn, ní ilé Olúyọ̀lé. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ láyé ìgbà náà, rad àti röntgen, òṣùwọ̀n àtijọ́ fún ìtànṣán nínú afẹ́fẹ́, ni wọn yóò fi kọ ọ́, nítorí gray kò tíì délé ayé. Ẹni tó bá fẹ́ fi wé ti òní, àfi kó mọ pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan pọ̀. Milli ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, micro ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù, nano ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù. Bí ìwé àtijọ́ bá wí pé ilẹ̀ ibì kan ń fúnni ní microrad 6 ní wákàtí kan, nígbà tí microrad kan jẹ́ nanogray 10, nanogray 60 ni, èyí tó sún mọ́ iye tí ìgbìmọ̀ onímọ̀ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣírò fún ilẹ̀ ayé lápapọ̀. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po, yóò di nanogray 525,600, èyí tó lé díẹ̀ ní ìdajì milligray.

Àkókò tí a fi ń ka ìtànṣán gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù, nítorí òun làwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ní Chernobyl, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, 1986, nígbà tí ààrò átọ́míìkì ibẹ̀ fọ́, ohun-èlò tó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kò lè kà ju microröntgen 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 3,600 ló wà nínú wákàtí, ló bá di röntgen 3.6, nǹkan bíi milligray 32 nínú afẹ́fẹ́, iye yìí ni wọ́n sì gbé lọ síwájú àwọn aláṣẹ bí ẹni pé òun lòótọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ibi tí ohun-èlò náà lè kà mọ ni wọ́n kà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún röntgen ní wákàtí kan ló sì wà nítòsí ààrò tó fọ́ náà. Ènìyàn 28 ni àìsàn ìtànṣán pa láàárín oṣù díẹ̀.

Sievert, tí wọ́n fi ń ka ìpalára tí ìtànṣán lè ṣe fún ènìyàn, dọ́gba pẹ̀lú gray bó bá jẹ́ ti X-ray, ṣùgbọ́n ìlọ́po 20 ni fún ìtànṣán alfa. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: nígbà tí Yukio Edano, agbẹnusọ ìjọba Japan, kéde millisievert 400 ní wákàtí kan níbi ìjàǹbá ààrò átọ́míìkì ní Fukushima ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, 2011, ó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé pé òṣùwọ̀n ti yàtọ̀ sí micro tí òun ti ń kà bọ̀.

Mo wá bẹ ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì ní Ìfọ̀nyìn àti ní Ìdí-Ìrókò, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn lórí rédíò ní èdè wa: ẹ má ṣe ka iye ìtànṣán kankan sétí ará ìlú láìka òṣùwọ̀n àti àkókò rẹ̀ mọ́ ọn.