Orí Idẹ Ifẹ̀ àti Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà Tí A Ń Kọ́ Ní Kíláàsì

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà láàrin wa ní Iwofe níbí mọ ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ náà máa ń gbà. Íjíbítì ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, a ó kọjá sí Gíríìsì àti Róòmù, a ó wá gúnlẹ̀ sí Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń pe àsìkò bí ọdún 1400 sí 1600 ní Renaissance, ìyẹn àtúnbí. Ilẹ̀ tiwa kì í sábà sí lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọdún wò.

Ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń wá padà nígbà àtúnbí náà. Àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù ti mọ bí a ti ń fi òkúta àti idẹ ya ojú ènìyàn kó jọ ènìyàn gan-an. Nígbà tí ìjọba Róòmù wó, ọgbọ́n náà rẹ̀yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1440 ni Donatello da ère Dáfídì ní idẹ ní Florence, òkìkí rẹ̀ sì kàn títí dòní.

Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 1300 sí 1400 ni àwọn onímọ̀ fi púpọ̀ nínú àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ sí. Amọ̀ ni àwọn asúdẹ fi ń mọ inú orí náà. Wọ́n á fi ìda oyin bò ó, lára ìda yìí ni wọ́n á ti fara balẹ̀ ya imú, ètè àti àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ojú. Wọ́n á tún fi amọ̀ bo ìda, wọ́n á gbé e sí iná. Ìda á yọ́ jáde, wọ́n á sì rọ idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Bí ó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ ìta dànù. Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìda ni o! Bàbà ṣòro láti dà ju idẹ lọ nítorí kì í fẹ́ ṣàn, síbẹ̀ ojú Ọbalùfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà.

Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, tó rí orí Olókun, ó ní àwọn Gíríìkì kan tó tẹ̀ dó síbẹ̀ láyé àtijọ́ ló ni iṣẹ́ náà. Kò gbà pé baba wa lè ṣe é. Ère amọ̀ tó ní ojú kan náà kún Ifẹ̀ káàkiri. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, tún hú orí tó lé ní mẹ́wàá. Gíríìkì wo ló tún rí báyẹn?

Kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan. Ère amọ̀ Nok ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, idẹ Igbo-Ukwu sì ti wà láti bí ọdún 900. Nígbà tí àwọn Potogí dé Bìní láàrin ọdún 1480 sí 1490, tí àtúnbí ṣì ń lọ ní Ítálì, àwọn ni wọ́n ń bẹ àwọn agbẹ́gilére Ẹdó níṣẹ́. Àwo iyọ̀ tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ fún wọn ṣì wà ní British Museum ní London. Àwọn Potogí onírùngbọ̀n ló yí i ká, ọkọ̀ ojú omi wọn sì wà lórí rẹ̀ téńté.