Kíkọ́ Ìmọ̀ Kíkọ Eré Ìtàgé àti Eré Sinimá ní Yunifásítì: Àpẹẹrẹ Ìlú Ìbàdàn

Ìfáàrà

Eré-oníṣe jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀yà lítíréṣọ̀ mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń bá pàdé láti ilé-ẹ̀kọ́ girama títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni; ewì àti ìtàn àròsọ ni méjì yòókù. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ni ní eré-oníṣe kò yàtọ̀ sí ti ìtàn àròsọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a ka ìwé náà, a to orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn sílẹ̀, a ṣa òwe àti àkànlò-èdè inú rẹ̀ jọ, a sì dáhùn ìbéèrè lórí kókó-ọ̀rọ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ó ka eré-oníṣe bí ẹni ń ka ìtàn àròsọ dà bí ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo èlò ọbẹ̀ tí kò dé ìdí ààrò rí.

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí kíkọ eré fún ìtàgé àti fún sinimá ṣe di ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, pẹ̀lú Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó sọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà dá lé, ó sì tọ́ka sí àlàfo tí ó wà láàárín Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Tíátà àti Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Yorùbá. Àlàfo yìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a fojú fò, nítorí pé inú rẹ̀ ni èdè Yorùbá ti ń fara gbọgbẹ́ lójú agbo àti lórí tẹlifíṣàn.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn

Kí yunifásítì tó dé ni eré ti wà nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn eégún aláré, tí a tún ń pè ní alárìnjó, ń ṣeré láti ìlú dé ìlú. Inú agboolé ni ọmọ wọn ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ eré Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ àti Moses Ọláìyá dìde ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ náà ni wọ́n tẹ̀lé. Ẹni tí ó fẹ́ mọ eré a wọ ẹgbẹ́, a gbé ẹrù, a jó, a kọrin, títí wọn yóò fi fún un ní ipa. Púpọ̀ nínú eré wọ̀nyí ni kò ní ìwé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ a ró ìtàn náà fún àwọn òṣèré, oníkálukú a sì fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ.

Ọdún 1948 ni a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀. Ní sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ 1962/63 ni School of Drama bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Rockefeller Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Geoffrey Axworthy ni olùdarí àkọ́kọ́. A yan Wọlé Ṣóyínká sí ipò náà ní 1967, ṣùgbọ́n ọdún yìí kan náà ni ìjọba ológun tì í mọ́lé. 1969 ni ó tó gba ìtúsílẹ̀. Ní 1970 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà di Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Tíátà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ yìí tí ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá fiyè sí. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí kì í ṣe ọmọ yunifásítì, wá lo oṣù mẹ́fà ní School of Drama. Èso àbẹ̀wò náà ni eré Ọ̀mùtí, tí ó fà yọ láti inú ìtàn àròsọ Amos Tutùọlá, tí a sì ṣe ní gbọ̀ngàn Arts Theatre ti yunifásítì náà ní 1963. Demas Nwoko ni ó ṣe ọ̀nà sí orí ìtàgé. Ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn náà ti wá, èdè Yorùbá ni a fi ṣe é, lẹ́yìn tí àwọn òǹwòran ti wò ó tán ni àwọn onímọ̀ dà á kọ sínú ìwé. Eré ni ó ṣáájú, ìwé ni ó tẹ̀lé e. Ohun tí yunifásítì fi kún iṣẹ́ Ògúnmọ́lá ni ètò, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà ìtàgé. Ohun tí Ògúnmọ́lá mú wọ yunifásítì ni èdè àti eré fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì nìkan ni ìmọ̀ náà wà. Ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959 ni WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ti Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní 1961 ni a dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní ìgboro, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti òṣèré ti ń pàdé. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ kọ eré nígbà náà lè wo eré ní Arts Theatre, kí ó bá àwọn òǹkọ̀wé jókòó ní ìgboro, kí ó sì rí eré Yorùbá lórí tẹlifíṣàn láìkúrò ní ìlú kan ṣoṣo.

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà dá lé

Ọdún mẹ́rin ni ẹni tí ó gba ìdánwò JAMB wọlé ń lò fún oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ tíátà. Ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí NCE lè gba Direct Entry, kí ó sì lo ọdún mẹ́ta, bí àwọn iṣẹ́ tí ó yege nínú wọn bá bá ohun tí yunifásítì béèrè mu. Eré kíkọ kì í dá dúró nínú ẹ̀kọ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ ìtàn eré, ìṣeré, ìdarí, ijó, ìmọ́lẹ̀ àti aṣọ eré, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohun tí òṣèré lè ṣe kò lè mọ ohun tí yóò kọ fún un.

Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ eré kíkọ ń tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́ ni ìfẹ́-inú ẹ̀dá-ìtàn àti ohun tí ó dínà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ nǹkan kan, tàbí tí kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́, kò sí eré. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohùn tirẹ̀, débi pé bí a bá fi ọwọ́ bo orúkọ rẹ̀, òǹkàwé yóò ṣì mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni àtúnkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a mú ìran tí ó kọ wá sí kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a kà á sókè. Ibi tí ahọ́n wọn bá ti kọsẹ̀ ni òǹkọ̀wé yóò padà sí.

Ìyàtọ̀ láàárín eré ìtàgé àti eré sinimá

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ìyàtọ̀ náà ṣe kedere. Kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ń gbé yàrá ní Agbowó, ní iwájú géètì yunifásítì, tí ó sì jẹ owó ilé. Nínú ìtàn àròsọ, òǹkọ̀wé lè fi ojú-ìwé méjì sọ ìbẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Lórí ìtàgé, kò sí bí òǹwòran yóò ṣe rí inú ọkàn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ni yóò gbé ìbẹ̀rù náà jáde. Onílé kan ilẹ̀kùn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sá sẹ́yìn aṣọ títa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí bàbá onílé, ó ní ẹni tí wọ́n ń wá ti lọ sí ilé láti ìjẹta. Bàbá rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ó dáa, n ó jókòó dè é.” Àwọn òǹwòran mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn aṣọ, bàbá pàápàá fura, ọ̀rọ̀ tí ń lọ láàárín àwọn méjèèjì ni ó di eré.

Nínú sinimá, ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà bọ́ọ́lẹ̀ nínú takisí ní Agbowó, ilẹ̀ ti ṣú. Ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó rí àgádágodo tuntun. Àpótí rẹ̀ wà lábẹ́ òjò. Fóònù rẹ̀ dún. Ó wo orúkọ tí ó wà lójú fóònù, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú alẹ́, mà. Mo ti wọlé. Mo ń jẹun lọ́wọ́.” Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí kò ní òwe kankan nínú, ó sì jẹ́ irọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwòrán ni ó sọ òtítọ́. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sinimá ń kọ́ ni pé kámẹ́rà ń sọ̀rọ̀, àti pé ohun tí ojú bá ti rí kò yẹ kí ẹnu tún un sọ.

Ìyàtọ̀ mìíràn jẹ mọ́ àyè àti àkókò. Sinimá lè gbéra ní Bódìjà kí ó sì bọ́ sí Challenge kí òǹwòran tó ṣẹ́jú. Ìtàgé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí òǹkọ̀wé sinimá bá dárúkọ ni ẹgbẹ́ yóò gbé kámẹ́rà, iná àti òṣèré lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkọlé tí ó sọ bóyá inú ilé ni tàbí ìta, ibi tí ó jẹ́, àti bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò ni pé ojú-ìwé kan tó ìṣẹ́jú kan lórí àwòrán.

Àlàfo tí ó wà

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tíátà. Àwọn òǹkọ̀wé ńlá tí ó ti ìdí rẹ̀ jáde tàbí tí ó kọ́ni níbẹ̀, bí Zulu Ṣófọlá, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan àti Bọ̀dé Ṣówándé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ jù lọ nínú eré wọn. Ọlá Rótìmí, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ eré kíkọ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ Kurunmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun Ìjàyè àti Ìbàdàn ni ó dá lé.

Ní òdìkejì, àwọn tí ó fi Yorùbá kọ eré tí a ń kà ní ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà ti ẹ̀ka tíátà wá. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà lórí Ìyálóde Ìbàdàn tí ó kú ní 1874, ẹ̀kọ́ èdè Faransé ni ó kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Adébáyọ̀ Fálétí, òǹkọ̀wé Baṣọ̀run Gáà, kọ́ ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ní WNTV. Ẹ̀bùn àti ìtara ni ó gbé wọn dé ibẹ̀; ilé-ẹ̀kọ́ kan kò pa á láṣẹ.

Àbájáde àlàfo yìí hàn ní ọ̀nà méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tíátà tí ó bọ́ sídìí sinimá Yorùbá mọ bí a ti ń to ìran, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ronú. Yóò fi sí ọmọdé lẹ́nu pé, “Ṣé mo lè ní àkókò yín?” dípò, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.” Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ní tirẹ̀, mọ èdè, ṣùgbọ́n òwe ni yóò kó sí ẹnu gbogbo ènìyàn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, awakọ̀ Dùgbẹ̀ àti baálẹ̀ yóò máa sọ̀rọ̀ bákan náà: ẹ̀dá-ìtàn mẹ́wàá, ẹnu kan ṣoṣo. Èkíní ba èdè jẹ́. Èkejì ba eré jẹ́.

Ẹ̀rí wà pé àlàfo náà ṣe é dí. Túndé Kèlání bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kámẹ́rà ní WNTV kí ó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sọ Kòṣeégbé, eré-oníṣe Ìṣọ̀lá, di fíìmù ní 1995; ó sọ Ó Le Kú, ìtàn àròsọ lórí ìgbésí-ayé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn tí ó jáde ní 1974, di fíìmù ní 1997. Lẹ́yìn náà ni Ìṣọ̀lá kọ Ṣaworoidẹ, tí ó jáde ní 1999, àti Agogo Èèwọ̀, tí ó jáde ní 2002, fún sinimá gan-an. Ẹni tí ó mọ èdè pàdé ẹni tí ó mọ kámẹ́rà ni iṣẹ́ náà ṣe gún. Ṣùgbọ́n Fálétí ti dolóògbé ní 2017, Ìṣọ̀lá sì tẹ̀lé e ní 2018. Ìbéèrè tí ó kù ni ibi tí àrólé wọn yóò ti kọ́ṣẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀bùn ni eré kíkọ, pé Ògúndé kò lọ sí yunifásítì. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ eré tí òṣèré ti lo ọdún pípẹ́ lábẹ́ ọ̀gá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní àyè ara rẹ̀. Nígbà tí irú ẹgbẹ́ alárìnkiri bẹ́ẹ̀ ti tú ká, ó yẹ kí ibòmíràn gba iṣẹ́ ìkọ́ni náà ṣe. Ìwé-ẹ̀rí kò lè sọ ẹni tí kò ní ẹ̀bùn di òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí kò rí olùtọ́ni a máa ṣòfò.

Àbá fún Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Yorùbá

Kò pọn dandan kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní gbọ̀ngàn ńlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kí a máa ka eré-oníṣe sókè lórí ìdúró, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ibi tí ẹ̀dá-ìtàn dúró sí àti ohun tí ó ń fẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìran kan ṣoṣo, ojú-ìwé mẹ́ta péré, kí ó sì tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì. Kí a mú ojú-ìwé kan nínú ìtàn àròsọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ di ìran ìtàgé, lẹ́yìn náà ìran sinimá. Kí a da ọ̀rọ̀ inú fíìmù Yorùbá kan kọ, kí a fi àmì sí ibi tí èdè ti wọ́. Ní ìparí, kí Ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní tíátà jọ ṣe eré kan lọ́dún, kí èkíní bojú tó èdè, kí èkejì bojú tó ìtàgé.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ẹ̀kọ́ eré kíkọ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpàdé yunifásítì àti òṣèré Yorùbá, àti pé àwọn méjèèjì ti rìn jìnnà sí ara wọn lẹ́yìn náà. Olùkọ́ Yorùbá ni ó wà ní ipò tí ó dára jù láti tún wọn mú papọ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ ka eré. Bí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ ìran kan tí ẹnu lè sọ, tí ojú lè wò, tí etí sì gbà, ó ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ọwọ́ méjèèjì.