Sọ́bù ń tán, dìkódà ò tàn: kí ni pay-per-view gan-an?

Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025. Adájọ́ James Omotosho ní FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ò lágbára láti pinnu iye tí MultiChoice máa ta DStv. Compact, ọ̀kan lára àwọn àkójọ ìkànnì DStv, tó jẹ́ ₦15,700 di ₦19,000 ní oṣù Kẹta ọdún náà.

Yàtọ̀ sí iye owó, ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè láti Ìyànà Ìbà dé Okokomaiko l'Ékòó ni pé kí wọ́n fún àwọn ní pay-per-view. Àmọ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Pay-per-view ni kéèyàn sanwó ìran kan ṣoṣo, bí ìjà ẹ̀ṣẹ́ ńlá kan, owó ẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré ní Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ lọ sílé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò yín lọ́jọ́ tí Arsenal bá ń gbá: ẹ ó san ti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó parí.

Ti mítà iná làwọn èèyàn ń fẹ́: tí dìkódà bá wà ní pípa, kí sọ́bù dúró. Níbi tí iná ti lè lọ lọ́sàn-án kó má dé títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọ̀rọ̀ wọn yé mi.

Sátẹ́láìtì ni ò gbọ́ èdè yẹn. Ó ń da àwòrán sórí gbogbo òrùlé bí òjò. Àwo tẹ́ ẹ rà lọ́jà Álábà ń gbà ni, kì í fèsì. Ilé-iṣẹ́ ò mọ̀ pé ẹ ti pa dìkódà. Àṣẹ tó ń rán sí i ò ju pé kó ṣí títí di ọjọ́ báyìí lọ. Wọ́n sì ń ra ẹ̀tọ́ Premier League fún ọ̀pọ̀ sáà pọ̀, ẹ wò ó, ẹ ò wò ó. HiTV, ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, gba ẹ̀tọ́ náà lọ́dún 2007. Nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2010, kò pẹ́ tó fi kógbá sílé.

Síbẹ̀, mítà iná fúnra ẹ̀ ló ń ka ẹyọ tó kù, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé dìkódà ò lè ka ọjọ́ bẹ́ẹ̀. StarTimes, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn, ti ta sọ́bù ọjọ́ kan àti ti ọ̀sẹ̀ kan rí. Bóyá owó ọjọ́ kan á wọ́n ju ti oṣù tá a pín sí ọgbọ̀n lọ. Ó ṣeé ṣe.

Ní ti iye owó, abala 88 nínú òfin FCCPC ọdún 2018 fi í sọ́wọ́ Ààrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà, Àsọ́ Rọ́kì ni kó fi ránṣẹ́ sí.