Àká Inú Ilé: Yíyan Mọ́dábọ́ọ̀dù Sáfà àti Wíwádìí Àìsàn Rẹ̀

Nínú gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, mọ́dábọ́ọ̀dù ni ẹni tí ó fẹ́ kọ́ àká ohùn, àwòrán àti ìwé sínú ilé rẹ̀ máa ń fojú kéré jù lọ. Díìsìkì ni gbogbo ènìyàn ń bèèrè: èló ni, báwo ni ó sì ti gbà tó? Bẹ́ẹ̀ ni díìsìkì tí ó bá bàjẹ́ ṣeé yọ, kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni pátákó tí ọpọlọ ẹ̀rọ, tí a ń pè ní CPU, jókòó lé. Òun ni mẹ́mórì wọ̀ sí. Òun ni wáyà gbogbo díìsìkì so mọ́. Ọjọ́ tí ó bá kú ni gbogbo iṣẹ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún gba ìjálá, ẹkún ìyàwó àti àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, tí ó sì ti da gbogbo rẹ̀ láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà, mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó ni ohùn náà ni kò sí láyé mọ́. Bí ohùn bẹ́ẹ̀ bá sọnù, kò sí ẹni tí a ó tún tọ̀ lọ pé kí ó wá tún un pè.

Kí ni ó wá mú mọ́dábọ́ọ̀dù sáfà yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ ìwé lásán? Mẹ́mórì ni ohun àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tí a bá fẹ́ kọ sórí díìsìkì ni ó kọ́kọ́ ń gba inú mẹ́mórì kọjá, mẹ́mórì sì máa ń ṣìṣe. Ní 1978, May àti Woods, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Intel, fi hàn pé ohun tí wọ́n fi bo mẹ́mórì gan-an lè máa ta ìtànṣán sí i, kí ó sì sọ 0 di 1. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ziegler àti Lanford ṣàlàyé pé ìtànṣán tí ń ti òfuurufú jíjìn wá pàápàá lè ṣe irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ìwádìí tí àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ Google àti ti Yunifásítì Toronto tẹ̀ jáde ní 2009 rí i pé, nínú àwọn sáfà Google, ó lé ní 8 nínú ẹyọ mẹ́mórì 100 tí ó ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan.

Ọgbọ́n tí a fi ń gbógun tì í ti wà ṣáájú. Richard Hamming, onímọ̀ ìṣirò ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1950: a ó fi àwọn àmì ẹlẹ́rìí díẹ̀ kún àwọn àmì tí a fẹ́ tọ́jú, kí a lè mọ èyí tí ó yí padà nínú wọn, kí a sì dá a padà sí ipò rẹ̀. Irú ọgbọ́n yìí ni mẹ́mórì tí a ń pè ní ECC ń lò. Nínú DDR3 àti DDR4, bíìtì 64 ni ó jẹ́ ẹrù, 8 ni ó jẹ́ ẹlẹ́rìí, gbogbo rẹ̀ di 72. Bí ẹyọ kan bá ṣìnà, ẹ̀rọ á tún un ṣe. Bí méjì bá ṣìnà pọ̀, kò lè tún wọn ṣe, ṣùgbọ́n ó mọ̀, ó sì pariwo.

Ibí yìí ni àwọn òǹrajà ti ń kó sí ọ̀fìn. Àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù kan wà tí wọ́n ń gba ECC wọlé tí wọn kò lo ẹlẹ́rìí rẹ̀ rárá. Mọ́dábọ́ọ̀dù àti CPU méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ̀wẹ̀, irú ECC méjì ni ó wà, èyí tí wọ́n kọ Unbuffered sí lára àti èyí tí wọ́n kọ Registered sí. Nínú DDR4, ihò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀, ṣùgbọ́n pátákó tí ó ń fẹ́ ọ̀kan kò ní tàn bí a bá fi èkejì sí i. Ìwé ìlànà tí ó bá ọjà wá ni kí a kà, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ń tà á.

Ohun kejì ni IPMI, ìlànà tí Intel, Dell, HP àti NEC gbé jáde ní 1998. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà lára pátákó, BMC ni orúkọ rẹ̀, tí kì í sùn níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti ń wọlé, bí sáfà fúnra rẹ̀ tilẹ̀ wà ní pípa. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí; ojú náà nìyí. A lè ti yàrá mìíràn wo ohun tí ó wà lójú sáfà, kí a tàn án, kí a pa á, kí a sì ka àkọsílẹ̀ àìsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá já BMC sí ìta gbangba íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sì yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí ó bá a ti ilé-iṣẹ́ wá padà, kọ́kọ́rọ́ ilé ni ó gbé fún olè.

Lẹ́yìn èyí ni iye ihò díìsìkì, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo akọ́lé-àká mọ̀. Ní 2013, Intel gbé CPU Atom C2000 jáde. ASRock Rack fi ọ̀kan nínú wọn ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù C2750D4I, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 17 ní gígùn àti ní ìbú, tí CPU rẹ̀ kò gbà ju wáàtì 20 lọ, tí ó ń lo ECC, tí ó sì ní ihò díìsìkì 12. Ta ni kò ní fẹ́ irú rẹ̀? Àwọn tí ń kọ́ àká sínú ilé rà á gan-an.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni àṣírí tú. Nínú ìwé àtúnṣe rẹ̀, Intel kọ àléébù kan tí ó pè ní AVR54: ìlù tí àwọn ẹ̀yà ara pátákó ń jó sí, tí CPU ń lù fún wọn, lè dákẹ́. Bí ìlù náà bá dákẹ́, ẹ̀rọ kò ní jí mọ́. Ní oṣù kejì ọdún náà, Cisco kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ kan tí irú àléébù bẹ́ẹ̀ wà nínú wọn lè bẹ̀rẹ̀ sí kú lẹ́yìn oṣù 18 tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kò dárúkọ ẹni tí ó ṣe ẹ̀yà náà. Intel tún CPU náà ṣe, ó sì pe àtúnṣe náà ní C0. B0 ni ti àtijọ́. Ní ti àwọn àpótí Synology kan tí ó ti kú, àwọn oníwọn fi òjé lẹ rẹsísítọ̀ 100 ohm mọ́ ọn, ó sì jí. Ṣùgbọ́n ìjíǹde fún ìgbà díẹ̀ ni, kí wọ́n lè ráyè kó ẹrù wọn jáde. Ẹni tí ó bá ń ra tòkunbọ̀ C2000 lónìí, B0 tàbí C0 ni kí ó kọ́kọ́ bèèrè.

Àìsàn yìí máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta láìwúkọ́ lè jẹ́ ọjọ́ tí a bá pa á kí a tó tún un tàn ni kò ní dáhùn mọ́. Níbi tí iná ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀, ẹ̀bi a tètè di ti iná. Nítorí náà ni ìwádìí ṣe gbọ́dọ̀ ní ètò. Ṣé BMC ń dáhùn? Bí ó bá ń dáhùn, iná ń dé ara pátákó, kí a ka àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, kí a fi ẹ̀rọ mìíràn tí ń pín iná dán an wò, kí a sì rí i pé wáyà onírin 8 tí ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ CPU wọlé dáadáa, nítorí pé ó rọrùn láti gbàgbé. Kí a yọ gbogbo díìsìkì. Kí a fi ẹyọ mẹ́mórì kan ṣoṣo sílẹ̀, nínú ihò tí ìwé ìlànà bá pè ní àkọ́kọ́. Kí a fa iná yọ pátápátá, kí a pa ìrántí BIOS rẹ́, kí a sì wọn bátìrì pẹlẹbẹ CR2032, tí ó yẹ kí ó tó fóòtì 3. Kí a gbé pátákó kúrò nínú àpótí, bóyá òpó onírin kan ń kan ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a tó lè sọ pé ó ti kú.

Àìsàn kan tún wà tí kò pani lẹ́ẹ̀kan náà: díìsìkì á máa já kúrò, á sì tún padà wá. Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń ra díìsìkì tuntun. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nínú àkọsílẹ̀ SMART tí díìsìkì ń kọ nípa ara rẹ̀, ìlà 199 ń ka àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí iye rẹ̀ bá ń gòkè, wáyà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pààrọ̀. Kí a sì tún wo ihò tí àwọn tí ń já náà wà. Lára C2750D4I, ihò 6 ni ó ti ọ̀dọ̀ Intel wá, 6 yòókù sì ti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà Marvell méjì. Bí gbogbo díìsìkì tí ń já bá wà lọ́dọ̀ ẹ̀yà kan ṣoṣo, ẹ̀yà náà ni a fura sí.

Bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá wá kú ní tòótọ́ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ètò ZFS ni a fi to ẹrù, ara díìsìkì ni ètò náà kọ gbogbo ohun tí ó nílò sí. A lè kó wọn lọ sára pátákó mìíràn, kí ó sì dá wọn mọ̀. Bí ó bá jẹ́ RAID tí pátákó fúnra rẹ̀ ṣe ni, pátákó tuntun lè má mọ̀ wọ́n. Ọ̀nà yòówù kí a gbà, ẹ̀dà kejì gbọ́dọ̀ wà ní ilé mìíràn, nítorí pé iná tí ó bá jó ilé kò ní yọ díìsìkì kankan sílẹ̀. Kí a tó kó ohùn kan ṣoṣo sínú àká tuntun, kí a jẹ́ kí MemTest86 yẹ mẹ́mórì rẹ̀ wò fún odidi òru kan, kí a sì kọ nọ́ńbà díìsìkì kọ̀ọ̀kan sí ara àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí ó wà, kí ó má baà jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ le ni a ó yọ lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá ṣàìsàn.