Accra mì tìtì, Ìbàdàn gbọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Òkúdù, ọdún 1939, ilẹ̀ mì tìtì ní Accra. Ilé wó, ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá sì bá a lọ. Wọ́n gbọ́ ọ ní Èkó, wọ́n gbọ́ ọ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ ní Ìbàdàn níbí, tó fi nǹkan bí 500 kìlómítà jìnnà sí Accra. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 kò tíì pé ọdún mẹ́wàá lórí òkè rẹ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, bí ẹ bá dá ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ lónìí, wọ́n á ní nǹkan àwọn ará Japan àti Turkey nìyẹn, kò kàn wá. Ó kàn wá díẹ̀.

Òkúta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, òkúta náà kò sì jẹ́ odindi. Ó pín sí pálábá ńláńlá tó ń rìn, àmọ́ ìrìn wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ lọ́dún. Níbi tí méjì ti fara kan ara wọn, wọn kì í fi ìrọ̀rùn yọ̀ kọjá; wọ́n á há. Ìrìn kò dúró, ibi tó há kò sì tú, agbára á wá máa kó jọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wo alábàárù tó ń wọ́ àpò ìrẹsì lórí ilẹ̀ gbágungbàgun l'Ọ́jà'ba: ó fa okùn, okùn le, àpò kò mira, ó tún fà á, àfi gìrì! àpò fò síwájú. Bí òkúta bá yẹ̀ báyìí lábẹ́ ilẹ̀, agbára ọjọ́ pípẹ́ á bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, á di ìgbì tó ń gba inú òkúta lọ sí ìhà gbogbo.

Ìgbì méjì ló máa ń ṣáájú. Àkọ́kọ́ ń ti òkúta síwá sẹ́yìn, ó sì ń sáré tó kìlómítà 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìkejì ń mi ilẹ̀ sọ́tùn-ún sósì; kò yára tó o, àmọ́ ó ń ba ilé jẹ́ jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: láti Accra, àkọ́kọ́ á dé Ìbàdàn láàárín ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀, ìkejì á dé ní bí ìṣẹ́jú méjì. Òkúta wa ni kò jẹ́ kí wọ́n kú sọ́nà. Ó ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ, ó tutù, ó le, irú rẹ̀ kì í sì í tètè gbé ìgbì mì.

Àárín pálábá Áfíríkà la wà, etí rẹ̀ tó sún mọ́ wa jù wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ òkúta àtijọ́ yìí ti sán níbi púpọ̀: ní Akwapim lẹ́bàá Accra, ní Ifẹ̀wàrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òkun náà ń fẹ̀ sí i, ó ń ti Áfíríkà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ojú sísán kan á sì yẹ̀. Ní 28 oṣù Agẹmọ 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Ṣágámù àti Abẹ́òkúta. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2009, Allada ní orílẹ̀-èdè Benin ló mì, Abẹ́òkúta sì gbọ́ ọ. Ìwọ̀n ìmì rẹ̀ kò tó 5. Ti Accra súnmọ́ 6.5, ti Turkey ní 2023 sì jẹ́ 7.8. Ẹ má fojú kéré àlàfo yẹn: bí ìwọ̀n bá fi oókan lé sí i, agbára á pọ̀ sí i ní ìlọ́po bí 32.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ ló ń pa ènìyàn. Ti Morocco ní 2023 jẹ́ 6.8, ó sì pa ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000, nítorí pé amọ̀ àti òkúta ni ọ̀pọ̀ ilé orí òkè Atlas. Amọ̀ gbígbẹ lè ru ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Ìmì ẹ̀gbẹ́ ni kò lè gbà, ògiri amọ̀ sì kún Ìbàdàn àtijọ́. Ilẹ̀ tí ilé dúró lé náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. Òkúta líle ni Òkè Mápó, ìgbì á kàn gbà á kọjá ni. Ilẹ̀ rírọ̀ tí omi kó jọ sétí odò Ògùnpa àti Kúdẹtì máa ń fi kún ìmì ni. Ilé méjì tí bíríkìlà kan náà kọ́ lọ́dún kan náà, ọ̀kan lórí òkè, ọ̀kan létí odò, kò ní jẹ ìmì kan náà.